Server wa ní Kubwa ń kọ̀ láti gba àkọsílẹ̀ tuntun: ẹ bá wa wá ìdí rẹ̀

Akọ̀wé_Kubwa

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Kubwa níbí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ni a sọ di server. Debian 12 (irú Linux kan) ni ó wà lórí rẹ̀, ó ní hard disk SATA kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 1 TB, Samba (ètò tí ń pín fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà) ni àwọn akọ̀wé wa sì fi ń rí àkọsílẹ̀ owó àjọ àti ti ẹ̀yáwó láti orí kọ̀ǹpútà tiwọn.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pè mí lọ́sàn-án pé àwọn lè ṣí fáìlì, àwọn sì lè kà á, ṣùgbọ́n kò gba ohun tí àwọn bá kọ sí i. Bí mo bá wọ orí server náà, “Read-only file system” ni mo ń rí. Bí mo bá tún un tàn, á máa ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi journalctl wo log (àkọsílẹ̀ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí server), n kò rí ìlà kan tí ó tọ́ka sí àléébù. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ọjọ́ àti wákàtí inú rẹ̀ kò tò: ìlà kan á ní ọ̀sán ni, èyí tí ó tẹ̀lé e á ní aago méjì òru ni. Iná ọba ni a ń lò bí ó bá wà. Bí ó bá lọ, ínfátà á gbà á, a ó sì tan ẹ̀rọ amúnáwá nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀. Owó ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ ló wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí náà n kò fẹ́ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Aládùúgbò_Nyanya

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ tẹ `mount -o remount,rw /`, yóò gba àkọsílẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pa á. Bí kò bá jáwọ́, ẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹ sì tún Debian gbé sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò kékeré ni yóò gbà yín.

ÌyáÌbejì_Gwarinpa

Àbúrò mi ní Nyanya, n kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí rárá, mo sì bẹ Akọ̀wé pé kí ó má ṣe é. Nígbà tí a bá ń gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ `errors=remount-ro` sí ìlà ti root (ibi tí gbogbo fáìlì ti bẹ̀rẹ̀) nínú /etc/fstab. Ohun tí ìlà yẹn ń ṣe ni pé bí ext4 (ètò tí ń to fáìlì sórí hard disk) bá rí i pé ètò fáìlì ti ń dàrú, tàbí pé hard disk kò dá òun lóhùn bí ó ti yẹ mọ́, yóò dá kíkọ dúró pátápátá kí ìbàjẹ́ má baà tàn dé ibi tí ó ṣì dára. Ẹni tí ó bá fi agídí ṣí i padà láìmọ ohun tí ó fà á ń fún un láyè láti máa kọ nǹkan lé nǹkan lórí ni. Fífi Debian mìíràn rọ́pò èyí kò sì ní wo ẹ̀rọ tí ń ṣàìsàn sàn.

Ìdí tí ẹ kò fi rí ohunkóhun nínú journalctl kò jìnnà. Orí hard disk yẹn kan náà ni log ń wọ̀ sí. Ní ìṣẹ́jú tí hard disk bá kọ̀ láti gba nǹkan, log pàápàá kò ríbi kọ ẹ̀rí sí mọ́. Inú mémórì nìkan ni ẹ̀rí náà kù sí, bí ẹ bá sì ti tún kọ̀ǹpútà tàn, ó ti parẹ́ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń tún un tàn yìí, ẹ̀rí lẹ ń nù kúrò.

Nítorí náà, bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má pa á. Ẹ ki flash bọ̀ ọ́, ẹ gbé e sórí /mnt, kí ẹ wá tẹ `dmesg -T > /mnt/eri.txt`, èyí tí yóò kọ ohun tí kernel (ọkàn Linux) ti sọ sínú flash náà. Bí ó bá le débi pé kò sí àṣẹ tí ó ń jẹ́ mọ́, ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun tí ó wà lójú ìbòjú.

Ní báyìí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fi rsync da àwọn fáìlì náà kọ sórí hard disk ìta. Ẹ má kọ ẹ̀dà tuntun yìí lé ẹ̀dà àtijọ́ lórí o. Ẹ ya fóldà tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, nítorí bí fáìlì kan bá ti bàjẹ́ lórí server láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, èyí tí ó bàjẹ́ ni ẹ óò fi pa èyí tí ó dára rẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣí mélòó kan wò nínú ẹ̀dà ọ̀hún, kí ẹ rí i pé wọ́n ṣí lóòótọ́.

ỌmọỌ̀ffà_Kàdúná

Gbogbo ohun tí ÌyáÌbejì sọ ni mo gbà. Ṣùgbọ́n ní tèmi, hard disk yẹn ló ń kú lọ, bí mo bá sì wà ní ipò yín, mo ti ń wá owó òmíràn. Ẹ gbé smartmontools, tí ń ka ohun tí hard disk ń kọ nípa ìlera ara rẹ̀, sórí server náà, kí ẹ tẹ `smartctl -a /dev/sda`. Ẹ wo ìlà 5, Reallocated_Sector_Ct, èyí tí ó ń ka ojú ibi tí hard disk ti pa tì tí ó sì ti fi òmíràn rọ́pò. Ẹ wo ìlà 197, Current_Pending_Sector, èyí tí ó ń ka ibi tí kò rí kà dáadáa tí kò sì tí ì pinnu ohun tí yóò ṣe sí i. Ẹ wo 198 pẹ̀lú. Bí nọ́ńbà tí ó wà ní ìparí àwọn ìlà wọ̀nyí bá ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀.

Aládùúgbò_Nyanya

Mo gbọ́ ti remount yẹn, ẹ ṣeun, mà. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un. Akọ̀wé sọ pé log ń mẹ́nu ba aago méjì òru. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ kan tí cron (ètò tí ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a dá fún un) ń ṣe lóru ni ó ń da hard disk láàmú, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀sán ni àwọn èèyàn tó ń mọ̀? Ẹ wo /etc/cron.d àti `systemctl list-timers`.

Ará_Bukuru_Jos

Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ cron ni. Ìlà ọ̀sán tí ìlà òru tẹ̀ lé jẹ́ àmì pé bátìrì kékeré orí mọ́dábọ́ọ̀dù ti kú. CR2032 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, 3 volt ni. Nígbà tí iná bá já pátápátá, aago kọ̀ǹpútà gbàgbé ibi tí ó dé. Bí ó bá tàn padà, wákàtí tí kì í ṣe òótọ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ log, títí di ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé tí systemd-timesyncd tàbí chrony sì tún un ṣe. Ẹ fi `timedatectl` wo ìlà RTC time (aago orí mọ́dábọ́ọ̀dù) nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, kí ẹ sì rántí pé UTC ni ìlà yẹn sábà máa ń fi hàn, wákàtí kan ni Nàìjíríà sì fi ṣáájú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìyẹn lọ, bátìrì ni.

Èyí tún kan ohun tí ÌyáÌbejì sọ. Ẹ jọ̀wọ́, mà, nínú ọ̀ràn tiwọn yìí, kí wọ́n yọ `-T` kúrò lára dmesg. Ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti kọjá láti ìgbà tí kernel ti bẹ̀rẹ̀ ni dmesg ń kà. `-T` ló ń fi ìṣirò sọ ọ́ di ọjọ́ àti wákàtí. Bí aago kọ̀ǹpútà kò bá tọ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ìṣirò yẹn á ṣini lọ́nà. Ìṣẹ́jú-àáyá lásán kò ní purọ́. Kí wọ́n kọ wákàtí ojú fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Gwarinpa

Òótọ́ lẹ sọ, Ará Bukuru. Akọ̀wé, ẹ tẹ̀lé ìyẹn, kí ẹ sì fi `journalctl --list-boots` wo iye ìgbà tí server ti tàn, láìwo ọjọ́ tí ó kọ síbẹ̀.

Akọ̀wé_Kubwa

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe ẹ̀dà sínú fóldà ọ̀tọ̀, mo sì ti ṣí lára wọn wò. Ó tún ṣẹlẹ̀ lónìí, mo sì rí ẹ̀rí gbà kí n tó pa á. Díẹ̀ nínú ohun tí dmesg kọ nìyí:

`ata1: hard resetting link`
`ata1: limiting SATA link speed to 3.0 Gbps`
`Aborting journal on device sda2-8.`
`EXT4-fs (sda2): Remounting filesystem read-only`

Ní ti smartctl: ìlà 5 jẹ́ 0, 197 jẹ́ 0, 198 jẹ́ 0. Ṣùgbọ́n ìlà 199, UDMA_CRC_Error_Count, wà ní 1386. N kò mọ ohun tí èyí ń sọ. Ṣé kí a ra hard disk mìíràn?

Atúnẹ̀rọṣe_Kano

Ẹ má tí ì ná owó yẹn. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná ní kí a wo ìlà 5, 197 àti 198, gbogbo wọn sì jẹ́ òdo. Ojú hard disk yín kò tí ì jẹ. Ọ̀nà tí ó so ó pọ̀ mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí a yẹ̀ wò.

Bí hard disk àti mọ́dábọ́ọ̀dù bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n máa ń fi nọ́ńbà àyẹ̀wò kan tí a ń pè ní CRC tẹ̀lé ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó gbà á yóò tún nọ́ńbà náà ṣírò. Bí kò bá bára mu, ó túmọ̀ sí pé ẹrù ti dàrú lójú ọ̀nà, wọn yóò sì tún un fi ránṣẹ́. Ìlà 199 ń ka iye ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, kernel á tún ọ̀nà náà ṣí, èyí ni `hard resetting link`. Bí ìyẹn kò bá tó, á dín eré rẹ̀ kù láti 6 sí 3 Gbps, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kùnà tí ext4 kò sì rí nǹkan kọ, ó ti kíkọ pa. Àwọn ìlà mẹ́rin tí ẹ kó wá yìí ti ròyìn gbogbo rẹ̀ tò tẹ̀ léra.

Níbi iṣẹ́ mi ní Kano, wáyà SATA ló sábà ń fa irú èyí. Ẹ wo bóyá ó tẹ̀ kọdọrọ níbì kan, bóyá ideri kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bóyá ẹnu rẹ̀ kò wọlé dáadáa. Ẹ ra èyí tí ó ní irin kékeré tí ń dún “kẹ́” bí ó bá há mọ́ ẹnu ibi tí a kì í bọ̀. Ẹ lè rí i ní Banex ní Wuse 2. Kí ó má gùn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí mítà kan ni òpin ohun tí ìlànà SATA gbà láàyè fún wáyà inú kọ̀ǹpútà, èyí tí ó kúrú gan-an ló sì dára jù. Ẹ gbìyànjú ihò SATA mìíràn lórí mọ́dábọ́ọ̀dù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà tí ẹ pààrọ̀ wáyà. Bí ẹ bá ṣe méjèèjì pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn.

Mo ní láti kìlọ̀ nípa ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbẹ ní àsìkò yìí, ara wa sì máa ń gbé iná tí a kò fojú rí, pàápàá bí a bá wọ aṣọ òtútù. Ẹ ti mọ bí ó ṣe ń ta èèyàn bí ẹ bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Iná yẹn lè ba pátákó hard disk jẹ́. Ẹ pa server náà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ bọ́ aṣọ òtútù, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ lemọ́lemọ́ bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Etí hard disk ni kí ẹ dì mú. Bí ẹ óò bá fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde, ẹ fi ìka di fáànù mú kí atẹ́gùn má baà yí i sáré ju agbára rẹ̀ lọ.

ỌmọỌ̀ffà_Kàdúná

Mo rí nọ́ńbà wọ̀nyẹn, mo sì gbà pé hard disk kò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí a sáré dé ibi wáyà kí a sì dúró síbẹ̀, nítorí iná tí kò dúró déédéé pẹ̀lú lè mú kí ọ̀nà yẹn já. Ìlànà ATX béèrè pé kí power supply lè fa kọ̀ǹpútà fún bíi 16 ms lẹ́yìn tí iná bá já lójijì. Iná 50 Hz tí a ń lò máa ń yípo kan ní 20 ms, nítorí náà àlàfo tí power supply lè fara dà kò tó ìyípo kan ṣoṣo. Ínfátà tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gba iná mọ́ ọn lọ́wọ́ lè mú kí nǹkan inú kọ̀ǹpútà gbọ̀n láìjẹ́ pé ó kú. Ọ̀pọ̀ ínfátà ló ní ibi tí a ti ń yàn láàárín ipò UPS àti ipò ohun èlò ilé lásán. Ipò UPS ló yára jù.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́. Ẹ wo ìlà 12, Power_Cycle_Count, àti ìlà 192 bí hard disk yín bá ní in. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú 199 báyìí, kí ẹ tún wò wọ́n bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó pa server. Bí ìlà 12 bá gòkè nígbà tí server kò kú rárá, hard disk nìkan ni iná já mọ́ lọ́wọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo power supply àti wáyà iná tí ó wọ inú hard disk. Bí 199 nìkan bá gòkè, Atúnẹ̀rọṣe ló gba ẹjọ́.

Akọ̀wé_Kubwa

Mo dúró kí ó tún ṣẹlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Ìlà 12 àti 192 kò yẹ̀ rárá. 199 ti kúrò ní 1386, ó di 1451. Ínfátà wa ti wà ní ipò UPS tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo fi ìṣẹ́jú-àáyá dmesg wé wákàtí fóònù mi, ó bọ́ sí kété lẹ́yìn tí a tan amúnáwá. Àwọn akọ̀wé náà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí. Ṣé èyí kò dá ọ̀rọ̀ iná padà?

Atúnẹ̀rọṣe_Kano

Ibo ni amúnáwá wà sí server?

Akọ̀wé_Kubwa

Ó wà níta, lẹ́yìn ògiri. Orí pákó tí a kàn mọ́ ògiri yẹn gan-an ni server wà.

Atúnẹ̀rọṣe_Kano

Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Amúnáwá ń gbọn ògiri, ògiri ń gbọn pákó, pákó ń gbọn àpótí, ẹnu wáyà tí kò há dáadáa sì ń mì títí ọ̀nà fi ń já. Ẹ gbé server kúrò lára ògiri náà, kí ẹ sì pààrọ̀ wáyà.

ỌmọỌ̀ffà_Kàdúná

Mo fara mọ́ ọn. Kódà ká ní wáyà há dáadáa, hard disk tí ń yí kò fẹ́ ìgbọ̀nrìrì. Ẹ tún sún amúnáwá sẹ́yìn fún ti èéfín rẹ̀. Kò yẹ kí ó súnmọ́ ilé tí èèyàn ń jókòó sí tó bẹ́ẹ̀; èéfín yẹn ń pa èèyàn.

ÌyáÌbejì_Gwarinpa

Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ wáyà, ẹ má jẹ́ kí àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó yẹ ext4 wò. A kì í ṣe e2fsck lórí ètò fáìlì tí ó wà ní lílò, nítorí náà ẹ fi Debian live orí flash tan kọ̀ǹpútà náà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ `e2fsck -fn /dev/sda2`, èyí tí kò ní yí ohunkóhun padà, kí ẹ mọ bí ọ̀ràn náà ti tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ `e2fsck -f /dev/sda2`. Bí ó bá parí, ẹ wo inú lost+found. Ohun tí kò rí orúkọ fún ni ó ń kó síbẹ̀.

Akọ̀wé_Kubwa

A ti ṣe é. Ideri àpótí ti tẹ wáyà àtijọ́ kọ́, kò sì ní irin tí ń há mọ́ ẹnu ihò. A fi tuntun sí i, a pààrọ̀ CR2032, a gbé server sórí tábìlì láàárín yàrá, a sì ti sún amúnáwá lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. e2fsck tún díẹ̀ ṣe, fáìlì méjì sì wà nínú lost+found. Mo rí àwọn méjèèjì gbà padà látinú ẹ̀dà àtijọ́ tí ÌyáÌbejì ní kí n má kọ nǹkan lé lórí. Aago ti dúró ṣinṣin. Ìlà 199 ṣì wà ní 1451, a sì ti tan amúnáwá lọ́pọ̀ ìgbà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kò yẹ kí ó padà sí òdo?

Atúnẹ̀rọṣe_Kano

Kì í padà sí òdo. Inú hard disk ni a kọ ọ́ sí títí ayé rẹ̀. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ni pé kí ó má gòkè mọ́.

Àkẹ́kọ̀ọ́_Zaria

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, bí wọ́n bá ti lo SSD ńkọ́? Ṣé irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀?

ÌyáÌbejì_Gwarinpa

Ìbéèrè dáadáa ni, ọmọ mi. Bí ó bá jẹ́ SSD oní-SATA, wáyà kan náà ni yóò gbà kọjá, CRC yóò sì máa gòkè bákan náà. Ìgbọ̀nrìrì kò ní ba inú SSD jẹ́, nítorí kò sí ohun tí ń yí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wáyà ṣì lè mì. NVMe (irú SSD mìíràn) tí a ń tì bọ ihò M.2 lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí a sì ń fi ìdè dè kò ní wáyà rárá. Èyíkéyìí tí o bá lò, ẹ̀dà ìpamọ́ kò kúrò nílẹ̀.

Atúnẹ̀rọṣe_Kano

Akọ̀wé, kí ẹ má baà máa fojú ṣọ́ 199 fúnra yín, ẹ fi ìlà yìí sínú /etc/smartd.conf, kí ẹ fi # ṣáájú ìlà DEVICESCAN tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì tún smartd bẹ̀rẹ̀:

`/dev/sda -a -R 199! -m root`

Bí nọ́ńbà náà bá yí padà, yóò kọ ọ́ sínú log, yóò sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí root, ìyẹn alábòójútó server. Ẹ rí i dájú pé lẹ́tà root ń dé ibi tí ẹ ti lè kà á.